Ìkẹ́dùn Lórí Ìyá Atọ́ka, àti Orúkọ Wọn Tí A Yọ Nínú Iṣẹ́ Wọn

Sí Baba, ọkọ olóògbé. Sí àkọ́bí wọn obìnrin, nọ́ọ̀sì. Àti sí gbogbo mọ̀lẹ́bí.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tí ìtìjú bò mọ́lẹ̀ ni àwa òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí fi ń kọ̀wé sí yín. Lánàá, ẹ ní kí a kọ ojú ìwé kan nípa iṣẹ́ Màmá, kí ẹ lè fi sínú ìwé ètò ìsìnkú. A kọ ọ́, a sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin àti òǹtẹ̀wé. Ojú ìwé náà sọ pé ẹlòmíràn ló ṣe atọ́ka ìròyìn wa, ìwé tó ń tọ́ka sí ibi tí ìròyìn kọ̀ọ̀kan wà, láti ìdìpọ̀ kìn-ín-ní títí dé èyí tó kẹ́yìn. Irọ́ ni. Màmá ló ṣe é títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Baba, àkọ́bí yín ló pè wá lórí fóònù. Kò pariwo. Ó ní, "Mo ka ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sétí Baba. Wọ́n ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo tún un kà tán, wọ́n ní kò burú, kí n pa á dé. Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ṣé ìyá wa ò bá yín ṣiṣẹ́ rí ni?" Olóòtú tó gbé fóònù náà ló fọwọ́ sí ojú ìwé ọ̀hún, kò sì kà á já.

Kí Màmá tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá ń wá ìròyìn àtijọ́ á wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, á máa ṣí ìwé ìròyìn tí a dì jọ lọ́dọọdún, á sì máa sín nítorí eruku. Màmá gba kọ̀ǹpútà kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, wọ́n sì lo ètò tí à ń pè ní mákírò lórí rẹ̀. Iṣẹ́ mákírò kò ju ìrọ́pò lọ. Ẹ ó yan àmì kúkúrú kan, ẹ ó sọ ohun tó dúró fún lẹ́ẹ̀kan péré. Ibikíbi tí àmì náà bá ti jáde, ètò náà yóò fi ohun tí ẹ sọ dípò rẹ̀. Màmá a máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó nínú àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan. Mákírò á sọ ọ́ di ìlà kan tó ní ọ̀rọ̀ náà, àkọlé, ọjọ́ àti ojú ìwé, a ó sì to gbogbo rẹ̀ ní a, b, d.

Ẹ̀rọ kò mọ ọ̀rọ̀ yàn. Màmá ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á dá awakọ̀ ilé-iṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Tí ẹ bá fẹ́ wá ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ wo ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí yín lẹ́nu?" Bí olóòtú bá kọ "àjálù", Màmá á fi "omíyalé" kún un. Ní ọdún tí afárá ńlá já, wọ́n kó àwọn àpilẹ̀kọ kan wá fún wa, gbogbo èyí tí àwọn ará àdúgbò ti fi ké nípa àwọn afárá tó ń lanu, kí ìpàdé olóòtú tó tú ká. A tẹ̀ wọ́n jáde lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ lórí afárá kejì, tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbà kọjá.

Ẹnu wọn náà mú. Akọ̀ròyìn eré ìdárayá kan wá yọ wọ́n lẹ́nu pé, "Ìyá Atọ́ka, ẹ bá mi wá orí mi, ó sọnù láàárọ̀." Màmá kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Abẹ́ 'òfìfo' ni màá kọ́kọ́ wò." Títí dòní, Òfìfo ni à ń pe akọ̀ròyìn náà.

Bí orúkọ wọn ṣe sọnù nìyí. Màmá kò tẹ orúkọ ara wọn sí ìparí ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àmì kan tó dúró fún "olórí atọ́ka" ni wọ́n fi síbẹ̀, wọ́n sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: orúkọ wọn ní kíkún. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ẹni tó gba ipò wọn fi orúkọ tirẹ̀ ṣe ìtumọ̀ àmì náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìdìpọ̀ tuntun. Lẹ́yìn náà ni a ní kó tún gbogbo ìdìpọ̀ tẹ̀ nítorí àṣìṣe nọ́ńbà ojú ìwé. Mákírò ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Ó fi orúkọ tuntun rọ́pò ti Màmá níbi gbogbo. Ibẹ̀ ni a ti ṣe àdàkọ orúkọ tí a kọ sójú ìwé yín lánàá.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwa tí Màmá ṣiṣẹ́ fún ló yẹ kó bá wọn gbẹ́ ẹ. Ojoojúmọ́ ni à ń ṣí atọ́ka yẹn, kò sì sẹ́ni tó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí di àná. A kò ní dá ẹ̀rọ lẹ́bi, a kò sì ní di ẹ̀bi ru ẹni kan. Ojú ń ti gbogbo wa.

A ti dá orúkọ Màmá padà sí gbogbo ìdìpọ̀ tí wọ́n ṣe, a sì tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tààrà, kí ìyípadà àmì kankan má lè pa á rẹ́ mọ́. Àtúnṣe yóò jáde lójú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn wa lọ́la. Bí ẹ bá gbà wá láyè, a ó wà níbi ìsìnkú, a ó sì jókòó síbi tí ẹ bá fi wá sí. Bí ẹ bá ní kí a má wá, a kò ní bínú.

Kí Ọlọ́run tí kì í gbàgbé orúkọ ẹnikẹ́ni tu Baba nínú, kó dúró ti àwọn ọmọ, kó má sì jẹ́ kí àṣìṣe wa dá kún ọgbẹ́ yín.

Ní ti ìwé ètò ìsìnkú: ẹni tó gba ipò Màmá ló gbé ojú ìwé tuntun lọ bá òǹtẹ̀wé fúnra rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ibẹ̀ ló sì wà títí di bí a ti ń kọ̀wé yìí. Òǹtẹ̀wé ní ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó dé. Wọn kò tíì lè sọ fún wa bóyá ojú ìwé tó ní àṣìṣe yẹn wà lára èyí tí wọ́n ti tẹ̀.

Olóòtú Àgbà,
lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́