Ìwé Ààbò Tí Mo Bá Ìyàwó Rẹ Lọ Gbà

Sí ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú làálàá. Mo gbà á ládùúrà pé lẹ́tà yìí yóò bá ọ ní àlàáfíà, pé ikọ́ tí eruku pákó ń fún ọ ti rọlẹ̀, àti pé o ń jẹun lásìkò. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, ara mi le, ojú mi sì ń rí ihò abẹ́rẹ́ bí mo bá gbé e sójú fèrèsé. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Láti ìjẹta ni mo ti ń rán ẹ̀wù kan ṣoṣo, mo ń tú u, mo tún ń rán an.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi lé ọ lọ́wọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí o lè jókòó kà á. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo mọ ara wa. Wàá sunkún, èmi náà á sunkún, wàá ní, "Màmá, ẹ má bínú, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́," màá sì gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Kí n sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ìyàwó rẹ lọ sí kóòtù láti gba ìwé ààbò nítorí rẹ. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló mú un lọ, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi ni. Èmi tí mo bí ọ ni mo wọ bàtà, tí mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, tí mo bá a lọ. Lọ́la tàbí lọ́tùn-únla, òṣìṣẹ́ kóòtù kan yóò mú ìwé náà wá bá ọ níbi iṣẹ́. Mo fẹ́ kí o ti gbọ́ láti ọ̀dọ̀ mi kó tó dé, nítorí mo mọ bí ojú rẹ ṣe máa ń yí padà bí nǹkan bá bá ọ lójijì. Ẹ̀rù ń bà mí kí o má lọ fa ìwé náà ya, tàbí kí o nawọ́ sí ẹni tó mú un wá, kí ọ̀rọ̀ náà wá di ti àtìmọ́lé.

O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, ṣùgbọ́n o kò mọ bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni ìyàwó rẹ wọ̀ wọlé. Ọmọ yín, Ìyá Kékeré mi, di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tó máa ń fún gbogbo bọ́tìnnì inú agolo mi lórúkọ! Ìyàwó rẹ ní inú ilé ìwẹ̀ làwọn sá sí, pé o ń gbá ilẹ̀kùn náà títí apá fi ro ọ́. Ilẹ̀kùn tí o kàn fúnra rẹ ni. Mo rántí ọjọ́ tí o kàn án, tí o ń yangàn fún mi pé erin gan-an kò lè já a. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé o mọ iṣẹ́ rẹ.

Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún ọ wàyí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ránṣọ. Mo mọ aṣọ tó gbó, mo mọ èyí tí ìṣó fà ya, mo sì mọ èyí tí wọ́n dì mú tí wọ́n fi wọ́ ènìyàn. Ti ìṣó, aṣọ gan-an ló máa ń ya. Ti ọwọ́, ojú rírán ló máa ń tú, láti èjìká bọ̀ sábẹ́ apá. Nígbà àkọ́kọ́ tí ìyàwó rẹ gbé búláòsì wá, ó ní ìṣó ló fà á. Mo wò ó, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì rán an. Mo rán an débi pé ẹnikẹ́ni kò lè mọ ibi tó ti tú. Nígbà kejì, gáùn ló gbé wá, mo tún rán an. Nígbà kẹta, ó tún gbé búláòsì àkọ́kọ́ yẹn wá, ó sì bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kóun gbé lọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, mo fà á lọ́wọ́ padà wá fún ọ, mo sì bá yín parí ìjà bí àgbà. Mo rò pé ilé yín ni mò ń tún ṣe.

A dé kóòtù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà yẹ báàgì wa wò, ó sì bá àlùmọ́gàjí ńlá tí mo fi ń géṣọ nínú tèmi, torí mo gbàgbé láti yọ ọ́. Ó ní, "Mà, ṣé ẹjọ́ lẹ wá rò àbí ìjà lẹ wá jà?" Ìyàwó rẹ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti Sátidé. Ọlọ́pàá náà gba àlùmọ́gàjí, ó fún mi ní nọ́ńbà kan tí n ó fi gbà á padà, ó sì tọ́ka wa sí yàrá kan lókè.

Àga onírin mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà, pẹ̀lú fáànù tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ, àti akọ̀wé kóòtù kan, obìnrin tó so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn. Ó ní wọn kì í gba owó lórí irú ìwé yìí, a kò sì nílò lọ́yà kí a tó kọ ọ́. Ó fún ìyàwó rẹ ní fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́fà. Níbi tí wọ́n ti ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Ọkọ mi máa ń bínú." Gbólóhùn kan yẹn péré ló kọ, ó bá gbé bírò sílẹ̀.

Akọ̀wé kà á, ó mi orí. Ó ní, "Àǹtí, gbogbo ènìyàn ló ń bínú. Adájọ́ kò lè fòfin de ìbínú. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ kọ. Èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ: ọjọ́ wo ni, ibo ni, kí ló fi ṣe é, ta ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ máa padà sẹ́yìn." Ìyàwó rẹ kọ ti Sátidé. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ti àtẹ̀yìnwá, kò rántí ọjọ́ kankan mọ́, gbogbo rẹ̀ ti dàrú mọ́ra wọn. Akọ̀wé béèrè bóyá fọ́tò wà, bóyá ìwé ọsibítù wà, bóyá aṣọ tó ya wà. Ìyàwó rẹ wò mí. Aṣọ wà, ṣùgbọ́n mo ti rán gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa ẹ̀rí rẹ́, mo sì ṣe é dáadáa.

Ó ṣe díẹ̀ kí n tó rántí ìwé iṣẹ́ mi. O mọ̀ ọ́n, èyí tí mo máa ń kọ ọjọ́ tí aṣọ wọlé àti ohun tó ṣe é sí, kí aṣọ oníbàárà kan má baà lọ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Inú báàgì ló máa ń wà. Mo ṣí i. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì: búláòsì ìyàwó wa, èjìká ọ̀tún tú. Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún: gáùn ìyàwó wa, ọrùn ya, bọ́tìnnì mẹ́ta kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ: búláòsì àkọ́kọ́ yẹn, èjìká kan náà. Akọ̀wé gbé gíláàsì sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá bi mí bóyá èmi ni ìyá ọmọbìnrin náà. Mo ní, "Rárá o. Èmi ni ìyá ọkọ." Ó yọ fọ́ọ̀mù mìíràn nínú dúrọ́ọ̀, ti ẹlẹ́rìí, ó sì tì í sọ́dọ̀ mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo mọ̀, mo sì dákẹ́.

Èyí tó le jù ṣì ń bọ̀. Lójú ewé karùn-ún, wọ́n béèrè gbogbo ibi tí o kò gbọdọ̀ sún mọ́. Ìyàwó rẹ kọ ilé ìwé Ìyá Kékeré, ó kọ ibi iṣẹ́ tirẹ̀, ó wá dúró. Ó ní, "Màmá, ilé yín ló kù. Mi ò lè lé ọmọ yín kúrò nílé yín." Akọ̀wé ní bí kò bá sí nínú ìwé, tí o bá wá kanlẹ̀kùn níbẹ̀, ọlọ́pàá kò ní rí nǹkan dì mú. Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo kọ àdírẹ́sì ilé mi síbẹ̀, láti orí nọ́ńbà ilé dé orúkọ àdúgbò, ilé tí o ti kọ́ bí a ṣe ń rìn. Ọmọ mi, ó dùn mí dé eegun.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n mú wa dé iwájú adájọ́. Mo ti rò pé a ó bá èrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá kékeré ni. Ìyàwó rẹ búra pé òótọ́ lohun tóun kọ. Adájọ́ bi í bóyá ẹ̀rù ṣì ń bà á, bóyá nǹkan tí ènìyàn lè fi ṣe ìjàǹbá wà nílé. Ó ní àpótí irinṣẹ́ rẹ wà, òòlù wà nínú rẹ̀. Mo di ojú mi. Adájọ́ wá bi èmi náà pé ṣé ẹnì kan ló fipá mú mi wá. Mo ní, "Olúwa mi, ká ní wọ́n fipá mú mi ni, ìbá rọrùn fún mi." Ó buwọ́ lùwé, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Fara balẹ̀ ka ibi yìí. Ìwé náà kò ní kí o lọ sẹ́wọ̀n, kò sì sọ pé o kì í ṣe bàbá ọmọ rẹ mọ́. Ohun tó sọ ni pé títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyàwó rẹ, o kò gbọdọ̀ pè é, o kò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni sí i, o kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Bí o bá rú u, ìgbà yẹn ni ọlọ́pàá lè gbé ọ. Kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí o máa bọ̀, má lọ, torí adájọ́ nìkan ló lè yí i padà. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbẹ́jọ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ìwọ náà yóò sọ tẹnu rẹ, o sì lè mú lọ́yà wá. Má sọ pé o kò lọ, nítorí bí o kò bá yọjú, wọ́n lè parí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn rẹ. Akọ̀wé kìlọ̀ fún mi pé mo lè kọ̀wé sí ọ, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ máa gbé ọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Nítorí náà, má bi mí pé kí ló ní kí n sọ fún ọ. Ohun tí mo fojú rí ni mo kọ, kò rán mi ní nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà, etí mi kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá dúró níta, màá sáré lọ wo fèrèsé, Ìyá Kékeré náà á sáré tẹ̀lé mi. Lánàá, alágbàfọ̀ kan wá gbé aṣọ, ó sì kan ilẹ̀kùn bí o ṣe máa ń kàn án gẹ́lẹ́, ìka ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí n tó dìde, ìyàwó rẹ ti wà lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń géṣọ, òun àti ọmọ. Ohùn ìka yẹn ló máa ń múnú mi dùn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Lánàá, ńṣe ni àyà mi já. Mo bẹ̀rù rẹ. Mo kọ ọ́ kí o lè fojú ara rẹ kà á: èmi ìyá rẹ, mo bẹ̀rù rẹ.

Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, kò fọwọ́ kàn mí rí ní gbogbo ọdún mọ́kànlélógún tí a fi wà pọ̀, bó ti wù kínú bí i tó. N kò mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí o ti rí àyè ṣe é, nídìí máṣíìnì mi ni. Èyí ni mo fi ń bẹ̀ ọ́ lónìí, kì í ṣe pé mo ń ṣe ọ̀gá lé ọ lórí.

Ọjọ́ Àìkú ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ mọ ọ̀nà ilé mi. Má wá. Bí o bá wá, n kò ní ṣílẹ̀kùn, màá sì pe ọlọ́pàá. Má rò pé ìyá rẹ kò ní lè ṣe é, torí ìrònú yẹn gan-an ló lè gbé ọ wá. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ẹ̀yìn ìyàwó rẹ ni màá jókòó sí. Bí wọ́n bá bi mí, òótọ́ ni màá sọ. Bí ìwọ náà bá sọ òótọ́, tí o ní ọwọ́ rẹ ló ṣe é, tí o sì béèrè ìrànlọ́wọ́, akọ̀wé ní ibì kan wà tí adájọ́ lè ní kí o máa lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọkùnrin bí wọ́n ṣe ń kó ara wọn níjàánu. Ohun tí mò ń gbàdúrà fún nìyẹn.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọkàn tútù. Kí ó fi òye yé ọ kí ìbínú tó dé. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ máa gbè ọ́, kí ọwọ́ náà má ṣe ọ́ ní ibi. O kò ní sọ ilé rẹ nù, n kò sì ní sin ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò sì ní ọmọ mìíràn dípò rẹ.

Ọ̀rọ̀ kan kù: Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ kọ nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Mo kọ ọ́ gàdàgbà nítorí ojú mi. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má jẹ́ kí n pè é.