Ọjọ́ Ìbí Méjì tí Màmá Juliana Fọláyan Ní

Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni Bàbá Gbádégẹṣin, àgbẹ̀ kòkó, àti aya wọn ti bí ìyá wa, Juliana Àbẹ̀kẹ́, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 1938. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kàwé, kí wọ́n tó di olùkọ́. Ní 1961, wọ́n fẹ́ bàbá wa, Olóògbé Samuel Fọláyan. Ní 1979, ìdílé wa kó wá sí Festac.

Ogún ọdún gbáko ni Màmá fi kọ́ kíláàsì ìrìbọmi ní ìjọ. Oòrùn àárọ̀ máa ń rọra gba ojú fèrèsé wọlé, ohùn Màmá kì í sì í yára. A ṣì ń gbọ́ ọ.

Ní 2002, àrùn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ mú ọwọ́ òsì wọn. Ọmọ aráyé mà le o! Àwọn alàgbà kan ní àìsàn kì í bá ẹni mímọ́ gbé; àfi kí Màmá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn kí wọ́n tó padà sí kíláàsì. Oṣù mẹ́fà ni Màmá fi wá ẹ̀ṣẹ̀ náà tì. Wọ́n tilẹ̀ jẹ́wọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n jí jẹ ní 1946. Ó dùn wọ́n, ó sì dùn wá.

Ìgbà tó yá ni Màmá rántí ohun tí àwọn fúnra wọn ti ń kọ́ àwọn ọmọ: pé inú ẹ̀wọ̀n àti ìyà ni ọ̀pọ̀ Kristẹni ìgbà ìṣáájú ti di mímọ́, àti pé ọjọ́ tí wọ́n kú ni àwọn ará ń pè ní ọjọ́ ìbí wọn. Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí á gbé àga àwọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, kí àwọn ọmọ máa wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Aládùúgbò wa, Alhaja Sìlífátù, tó ń ta prófísọ̀nù ní Alákijà, gbé bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá. Ó ní òun ò wá ṣèrìbọmi o, bẹ́ǹṣì lòun gbé wá. Ọmọ mẹ́ta ló kọ́kọ́ jókòó lé e. Nígbà tó fi di 2006, kò gbà wọ́n mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà ọjọ́sí, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, wá jókòó sẹ́yìn. Màmá ní kí wọ́n mú un wá síwájú, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ ọdún 2008, Màmá dákẹ́, bí òjò tó rọra dá. Àwa ọmọ wọn, Káyọ̀dé, Yétúndé àti Enoch, ọmọ-ọmọ méje, àti Alhaja pẹ̀lú bẹ́ǹṣì rẹ̀, ni wọ́n fi sáyé.

Màmá ti kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ kọ ọjọ́ ikú sínú ìwé ìsìnkú yìí. A gbọ́, Màmá.

Ọjọ́ ìbí kìíní: 4 oṣù Kẹta 1938, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.
Ọjọ́ ìbí kejì: 12 oṣù Kẹjọ 2008, Festac.

Ẹ sinmi ire, ẹ na ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀yin ará ọ̀run tí ẹ gbà wọ́n, ẹ kú ewu ọmọ o.