Orúkọ Tí Mo Fi Ránṣẹ́

                                        Ilé Kẹsàn-án, Àdúgbò Àjárá,
                                        Badagry.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ, 2004.

Kúnbi mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú ìjà? Ikọ́ tó ń yọ Mọ́mì lẹ́nu, ṣé ó ti fi wọ́n sílẹ̀? Ẹ kú òjò o, ẹ sì kú ariwo àwọn ọmọ tó wà nílé fún ìsinmi. Èmi àti ọkọ mi wà láàyè, mo dúpẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo ọ̀rọ̀ yẹn ni. Kó o tó kà á lọ, jọ̀ọ́ wá ibì kan jókòó sí.

O mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kúrò ní Òṣogbo láti wá bá ọkọ mi níbi tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Mo ní kí n yà ní Kétu kí n kí Ruqoyah, kí n sinmi díẹ̀, kí n tó tún wọkọ̀. Ọ̀rẹ́ wa ti sanra o! Ó fò mọ́ mi lọ́rùn, ó ń pè mí ní orúkọ ìnagijẹ tó máa ń pè mí nílé-ìwé, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Roqeeb ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́ta, ó lẹ̀ mọ́ mi bí ẹni pé ó ti mọ̀ mí tipẹ́. Ìyá ọkọ Ruqoyah ń sùn ní yàrá, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, a ò sì fẹ́ jí wọn. Ruqoyah ní òun ò lè fún mi ní ọbẹ̀ àná jẹ láéláé, ó sáré lọ ra ẹja tútù ní Mile 12. Mo ní kó tó dé, kí n lọ pe ọkọ mi lórí fóònù lọ́dọ̀ àwọn oníkọ́ọ̀lù tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn létí títì. Roqeeb ní òun náà ń lọ, mo bá pọ̀n ọ́n.

Bí mo ṣe parí ìpè náà ni ariwo ọkọ̀ dẹ́rù ba ọmọ, ó bú sẹ́kún, ó ní òun ń lọ bá mọ́mì òun. Mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún pé, "Ọlámilékan, dákẹ́, mọ́mì ń bọ̀." Obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì gbójú sókè.

"Àǹtí, ọmọ ta nìyẹn?"

Mo dá a lóhùn bí gbogbo wa ṣe máa ń dáhùn. "Ọmọ mi ni."

Ọmọ pariwo, "Kì í ṣe mọ́mì mi!"

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Ọlámilékan."

Obìnrin náà yí sẹ́yìn mi, ó wo ọmọ lójú. "Bọ̀bọ́, kí lorúkọ ẹ?"

"Roqeeb."

"Yéè! Gbọ́mọgbọ́mọ rèé o!"

Kúnbi, ìwọ ṣáà mọ̀. Ìwọ ni mo fi owó àti orúkọ rán síbi ìsọmọlórúkọ Roqeeb, torí oyún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Orúkọ tí mo ti fi pamọ́ fún ọmọ tèmi ni. Láti ìgbà náà, mi ò pe ọmọ Ruqoyah ní nǹkan mìíràn. Ṣebí bí a ṣe ń ṣe nìyẹn, oníkálukú ló ń pe ọmọ ní orúkọ tó fún un. Ṣùgbọ́n ta ló máa dúró gbọ́ àlàyé lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà?

Wọ́n já ọmọ gbà lẹ́yìn mi. Ìgbátí ti balẹ̀ kí n tó la ẹnu. Apá bùbá mi fàya. Ẹnì kan ń kígbe pé, "Ẹ gbé táyà wá! Ẹ wá epo!" Mo máa ń gbọ́ irú rẹ̀ lórí rédíò, mo rò pé àwọn olè nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Mo tọ̀ sára, Kúnbi, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ fún. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà níbẹ̀, Ṣùkúrù ni wọ́n ń pè é, ló lọ jókòó lé àwọn táyà rẹ̀ lórí.

"Kì í ṣe táyà tèmi lẹ máa fi sun èèyàn. Ẹ jẹ́ kó mú wa lọ sílé tó ti gbé ọmọ."

Mo wo àwọn òpópónà tó wà níwájú mi, gbogbo wọn jọra. Mi ò rántí èyí tí mo gbà jáde, wọ́n sì tún fi ìyẹn gbá mi lójú. Ni Ṣùkúrù bá gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, ó gbé e sílẹ̀, ó ní kó máa lọ bá mọ́mì ẹ̀. Roqeeb ṣíwájú, ó ń sunkún lọ, èrò tẹ̀lé e, wọ́n sì di ìró mi mú ṣinṣin.

Ruqoyah ò tíì dé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló jáde, wọ́n fọwọ́ wá ọmọ, wọ́n fà á mọ́ra. Èrò bi ìyá bóyá wọ́n mọ̀ mí. Ìyá kọjú sí mi.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Mo gbà pé ó parí. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi tọ́jú ọkọ mi. Oníbọ̀ọ̀lì wá ní, "Ìyá, kò tiẹ̀ mọ orúkọ ọmọ! Ọlámilékan ló ń pè é!"

Ìyá gbé orí sókè. "Kí ló pè é?"

Oníbọ̀ọ̀lì tún un sọ fún wọn.

"Roqeeb ni àlùfáà pè é," ni ìyá wí. "Èmi pè é ní Babátúndé, torí ọkọ mi. Bàbá ìyá rẹ̀ pè é ní Ìṣọ̀lá. Kúnbi tó wá láti Òṣogbo ló mú Ọlámilékan wá, ó ní ọ̀rẹ́ àwọn tí ara rẹ̀ ò yá ló rán òun. Èmi ni mo gbé abọ́ tó sọ owó náà sí dání. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe ọmọ yìí bẹ́ẹ̀ láyé." Ìyá na ọwọ́ síwájú. "Fẹ́yìsayọ̀, ṣé ìwọ rèé?"

Ẹkún ni mo fi dáhùn. Èrò ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí n rántí ojú òun. Oníbọ̀ọ̀lì padà wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé bọ̀ọ̀lì tó fi ìwé wé fún mi. Mo ní mo ti dárí jì í, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Nígbà tí Ruqoyah dé tó sì gbọ́, ilẹ̀ ló jókòó sí, ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bẹ̀ mí pé kí n sùn, mi ò gbà. Òun àti Roqeeb sìn mí dé ibùdókọ̀, Ṣùkúrù náà bá wa lọ. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, Roqeeb na ọwọ́ méjèèjì sí mi pé kí n gbé òun. Àwọn èèyàn ń wò wá. Kúnbi, mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, ìyẹn ló ń dùn mí ju ìgbátí lọ.

Kí bàbá àwọn ọmọ fún mi, kí Mọ́mì, fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu. Má jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tó o bá sì gba Kétu kọjá, jọ̀ọ́, bá mi gbé ọmọ yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti wà níta, Roqeeb ni kó o pè é.

Èmi ni tìrẹ tí àyà rẹ̀ ṣì ń já,
Fẹ́yìsayọ̀.