Omi Ọsàn Tí Mo Ń Sẹ́ fún Àbúrò Mi

Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ,
Ilé Kejì sí Ilé-Ìfìwéránṣẹ́,
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ.

Abẹ́rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ara le? Orúnkún ọ̀tún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ńkọ́, ṣé o ti ń gun àtẹ̀gùn ilé yín láìdúró sinmi lágbede méjì? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ jà pé ariwo rẹ̀ pọ̀ jù? Ní tèmi, mo wà láàyè, mo sì ń jẹun. Ìyókù ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ohun téèyàn ń kà lórí ìdúró, nítorí náà wá ibì kan jókòó sí.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo rẹ́rìn-ín níbi tí o ti kọ ọ́ pé Abẹ́rẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ nígbà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ti di odindi ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu. O ní dókítà sọ fún ọ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ti ń gòkè, pé kí o sì dín sísanra kù díẹ̀. O ní o rántí ohun tí mo kọ sí ọ nípa àbúrò mi, o sì ti fi omi ọsàn àti omi ọ̀pẹ̀yìnbó rọ́pò oúnjẹ, ife mẹ́ta lójúmọ́. O tún wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Jọ̀wọ́, má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èyí tó wà nínú fìríìjì rẹ, lọ dà á nù kí o tó ka ìyókù.

O mọ àbúrò mi yìí, èyí tí mo tọ́ lẹ́yìn ikú ìyá wa. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi náà ló gbé tábìlì aago rẹ̀ sí. Èmi ń ránṣọ lẹ́yìn, òun ń tún aago ṣe níwájú. Nígbà tí wọ́n sọ fún un lọ́dún tó kọjá pé ó ní àtọ̀gbẹ, èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ náà kanrí jù ú lọ. Mo lé ṣúgà kúrò nílé, mo lé ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mo wá ní kí n fi ohun tó dára rọ́pò wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọsàn mẹ́jọ sínú ife ńlá kan fún un ní àràárọ̀. Nítorí pé kò fẹ́ kí nǹkan máa há a lọ́fun, mo gé lára aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a máa ń fi ṣe inú ẹ̀wù, mo fọ̀ ọ́ mọ́, òun ni mo fi ń sẹ́ ẹ. Ohun tó bá kù sínú aṣọ, màá fún un títí yóò fi gbẹ, màá sì dà á nù. Lójú tèmi, ṣúgà inú páálí nìkan ni ṣúgà. Ohun tó bá já láti orí igi, mo gbà pé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Nígbà tó yá, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo fi ife ọ̀sán kún un, mo tún fi ti ìrọ̀lẹ́ kún un. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá ti mu nǹkan yìí tán ni òùngbẹ tún ń gbẹ mí." Mo ní kó má ṣe bí ọmọdé. O mọ bí mo ṣe ń pàṣẹ. Ó mu ún, torí pé èmi ni mo gbé e fún un.

Ibi tí iṣẹ́ wa ti tàn mí jẹ nìyí. Ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀. Mo mú téèpù, mo wọ̀n ọ́n, inṣì méjì ti lọ ní ìbàdí rẹ̀. Pẹ̀lú ayọ̀ ni mo fi fún gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ wọlé. Oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, inṣì méjì mìíràn tún lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n mi, mo fa ìlà pupa sí i nídìí, mo sì kọ lẹ́tà ìyangàn yẹn sí ọ. Ta ni nínú àwa aránṣọ tí kì í gba ohun tí téèpù bá sọ gbọ́?

Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé ó ń fa iná tábìlì rẹ̀ sún mọ́ ojú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbójú sókè láti ìdí ẹ̀rọ, mo rí i tó ń fi ẹ̀mú mú afẹ́fẹ́. Ohun tín-ín-tín tó ń wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka rẹ̀ gan-an. Kí n tó dìde, ó ti ṣubú kúrò lórí àga.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi wọn ṣúgà rẹ̀ kò mú òǹkà kankan jáde. Ó ní ó ga ju ohun tí òun lè kà lọ. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè ohun tó ń jẹ. Mo kà á fún un pẹ̀lú ìgbéraga, mo fi omi ọsàn parí rẹ̀.

"Ọsàn mélòó ló ń wọ ife kan?"

Mo ní mẹ́jọ.

"Tí ẹ bá gbé ọsàn mẹ́jọ fún un, ṣé ó lè jókòó jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ta ló fẹ́ jẹ ọsàn mẹ́jọ. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó kúkú ti ń jẹ ẹ́, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ibo wá ni ẹ ń da ẹran inú ọsàn náà sí?"

Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé ẹran inú ọsàn yẹn ló máa ń fa ṣúgà rẹ̀ sẹ́yìn kó má bàa sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló sì ń jẹ́ kéèyàn yó. Èmi ni mo fi aṣọ yọ ọ́ kúrò. Ìwọ náà kọ ọ́ pé ebi ti ń pa ọ́ kí aago mẹ́wàá tó lù. O ti rí ìdí rẹ̀ báyìí. Mo sọ̀rọ̀ ṣòkòtò fún un. Ó ní kì í ṣe pé ara àbúrò mi ń dá ló fi ń rù. Ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀, ara kò rí i lò, ara wá ń jẹ ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́, àìsàn ni mo ń fi téèpù wọ̀n, tí mo ń yọ̀.

Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń padà bọ̀ sípò. Ti òsì, wọn kò tíì mọ̀. Dókítà ní ó ti pẹ́ tí àìsàn náà ti ń ba ojú yẹn jẹ́, pé kì í ṣe omi ọsàn nìkan. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tù mí nínú. Nígbà tí mo bẹ àbúrò mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ń fún, èmi ń mu. Ẹ má dá ru ẹ̀bi àwa méjèèjì." Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Wọn kò ní kó má jẹ èso mọ́ o. Ọsàn kan ló ń jẹ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, tẹrantẹran, ó ń rún un díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá gbé aago ògiri kalẹ̀, màá yí ọwọ́ rẹ̀, òun yóò fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, yóò sì sọ iye tí aago lù. Lánàá, ó ní aago mẹ́ta. Aago mẹ́sàn-án ni mo yí i sí.

Ó ní, "Ṣé mo gbà á?"

Ó ti wà lẹ́nu mi láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rántí ìlà pupa inú ìwé mi. Mo ní rárá, mẹ́sàn-án ni.

Ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún. Ó wá ní, "Ẹ tún un yí."

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì bẹ ìyá ọkọ rẹ kí wọ́n fojú fo ariwo ẹ̀rọ. Àbúrò mi ní kí n kí ọ. Ní ọjọ́ Ajé, padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ, sọ gbogbo ohun tí o ti ń mu fún un, jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Kọ òǹkà náà sí mi bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an. Má fún un wọlé, má sì tú u síta, kí inú mi lè dùn.

Èmi ni, ẹni tí ẹ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà,
Àlùmọ́gàjí rẹ.