Alùbọ́sà Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Tu

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi tó ju ọmọ ìyá lọ, Aláròyé mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú kó máa tú rédíò tó ṣì ń sọ̀rọ̀ dáadáa palẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún màmá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú? Ìwọ alára ńkọ́, àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ tó máa ń já òwú bí oníbàárà bá ti jókòó tì í? Mo mọ̀ pé o ti ń sọ báyìí pé kí n yéé kí ọ yí ká bí ẹni tó wá yá nǹkan, kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Nǹkan ni mo wá yá lóòótọ́. Ọjọ́ kan ni mo fẹ́ yá lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kí ọ tán ná, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, n kò mọ ibi tí n ó ti dánu dúró.

Ọ̀rẹ́ mi, ayé ti sú mi. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ó sú mi débi pé lọ́jọ́ Ẹtì, mo dúró níwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá, mo ń wo aṣọ ibùsùn tó ń yí nínú rẹ̀, mo sì ń jowú wọn pé ibì kan ṣoṣo ni wọ́n wà.

O mọ lọ́ńdìrì ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí o wá wò mí, a ṣì pọ̀ níbẹ̀, a ṣì ń ráyè ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ti wá ṣí wọ́ọ̀dù tuntun, aṣọ tó ń wọlé ti di ìlọ́po méjì, àwọn méjì nínú wa sì ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Èèyàn méjì ló yẹ kó máa ká aṣọ ibùsùn, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ẹ ó fà á kó le, ẹ ó pàdé láàárín, ẹ ó tún padà sẹ́yìn. Èmi nìkan ni mo ń dá a ká báyìí. Mo ń fi àgbọ̀n tẹ etí aṣọ kan mọ́ àyà, mo ń na ọwọ́ méjèèjì títí apá á fi máa ro mí. Madam Kíákíá, ọ̀gá wa, ẹni tí kì í kí èèyàn tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé e, ní mo ti ń mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyìn tí mo rí gbà lọ́dún yìí nìyẹn.

Bí mo bá kúrò níbẹ̀, oko Bàbá ló kàn. O rántí pápá tí ìjọba ìlú gé sí wẹ́wẹ́ fún àwọn ará àdúgbò, tí kálukú ní ilẹ̀ tirẹ̀ tí kò ju yàrá méjì lọ. Láti ìgbà tí Bàbá ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ti ń gbin nǹkan síbẹ̀. O sì mọ̀ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn àti ẹnu wọn. Ohun tí n kò tíì sọ fún ọ tán ni bí nǹkan ṣe rí láti ìgbà náà.

Nílé, Bàbá kì í sọ̀rọ̀. Ògiri ni wọ́n máa ń wò. Bí mo bá bi wọ́n bóyá ebi ń pa wọ́n, ojú ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi kẹ̀kẹ́ àwọn aláìlera tì wọ́n dé oko, tí wọ́n fi ọwọ́ òsì kan erùpẹ̀ báyìí, ẹnu wọn á là. Dókítà ní òun kò mọ ìdí rẹ̀. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n, n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó ṣáà má dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ màmá mi ni wọ́n ń sọ. Ìwọ nìkan lo mọ ohun tí èyí jẹ́ fún mi. Màmá kú kí n tó mọ ojú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá kò fìgbà kankan sọ̀rọ̀ wọn nígbà tí ara dá. Bí mo bá béèrè, ayùn ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ pákó. Ìgbà tí àìsàn gba ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Mo ti wá gbọ́ pé Màmá máa ń kọrin tí kò bá orin mu, pé wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé ẹrù, pé ìjà gan-an ló sọ àwọn méjèèjì di ojúlùmọ̀. Àpótí kan tí Bàbá kàn fún wọn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú; Màmá gbé e padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn kò ní kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ la bá ọ̀rọ̀ dé.

Ojoojúmọ́ ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ lo dá a lábàá pé kí àwa méjèèjì máa kọ ojú ewé kan lójúmọ́, ohun yòówù kó jẹ́. Ìwọ náà lo kọ́kọ́ jáwọ́, n kò sì bínú. Tèmi kò ṣeé jáwọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Bí Bàbá bá sọ ọ̀rọ̀ kan lónìí, wọn kì í tún un sọ lọ́la. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti ní ká sinmi níbi iṣẹ́, n ó jókòó lórí ìdì aṣọ tó ṣì gbóná, n ó máa kọ èyí tí mo gbọ́ lánàá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ìwé ìfẹ́ ni mo ń kọ sí dókítà kan. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀, ó dára ju kí wọ́n máa káàánú mi lọ.

Kálukú ló ti bá mi pín ayé mi. Madam Kíákíá ní kí n fi oko sílẹ̀, pé ẹ̀fọ́ kún ọjà. Obìnrin tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tiwa ní kí n fi ìwé kíkọ sílẹ̀, pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, ká má tíì sọ mẹ́ta. Ìwọ náà, nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, o ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ṣeun o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí la ó jẹ? Bí mo bá fi oko sílẹ̀, ẹnu Bàbá á pa dé. Bí mo bá sì fi ìwé sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé màmá mi lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Wàyí o, ọkùnrin kan ló ń mójú tó pápá náà. Adíwọ̀n ni a ń pè é, nítorí ọ̀pá kan tó ń gbé kiri tó ti sàmì sí lára. Bí koríko rẹ bá ga ju àmì náà lọ, á so ọ̀já pupa mọ́ igi ẹnu ilẹ̀ rẹ, ìkìlọ̀ nìyẹn. Bó bá padà wá tí kò bá irúgbìn nílẹ̀, tàbí tí kò bá ẹnì kankan tó ń tọ́jú ibẹ̀, ó gba ilẹ̀ náà fún ẹni tó kàn nìyẹn. Àwọn tó ń dúró de ilẹ̀ kò lóǹkà. Adíwọ̀n kì í ṣe èèyàn burúkú, òfin ni kò lójú àánú.

Ó so ọ̀já pupa mọ́ tiwa. Bí mo ṣe rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé kẹ̀kẹ́ Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tu koríko. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, Bàbá ti sọ bí Màmá ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, pé ejìká wọn ló máa ń kọ́kọ́ mì kí ohùn tó jáde. N kò tíì ráyè kọ ọ́. Mo ń tò ó lẹ́nu níbi tí mo kúnlẹ̀ sí: ṣé kí n fi ejìká bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ohùn ló yẹ kó ṣáájú? Ọwọ́ mi ń tu, ọkàn mi ń kọ. O mọ bí alùbọ́sà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ṣe máa ń rí, tín-ín-rín bíi koríko. Bàbá ló fi ọwọ́ òsì gbìn wọ́n ní hóró kọ̀ọ̀kan, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí wọn kò sì jẹ́ kí n ran àwọn lọ́wọ́.

Òórùn ló ta mí jí. Mo gbé ọwọ́ nu òógùn ojú, òórùn alùbọ́sà sì gbà mí nímú. Mo bojú wẹ̀yìn. Ebè Bàbá ti dán látòkè délẹ̀, koríko gidi sì ṣì dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń mì lẹ́lẹ́.

Bàbá kò pariwo. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n mú ẹyọ kan nínú òkìtì tí mo tu, wọ́n fi í sínú àpò ẹ̀wù wọn. Mo kó ìyókù, mo tún wọn gbìn níkọ̀ọ̀kan, mo bomi rin wọ́n, ṣùgbọ́n kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, gbogbo wọn ti sùn sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́, kódà lóko. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo sunkún, ọ̀rẹ́ mi, n kò rí nǹkan kan.

Síbẹ̀ mo ń gbé wọn lọ. Bí mo bá ti jáde níbi iṣẹ́, tí apá ń ro mí, mo ń ti kẹ̀kẹ́ náà gba ọ̀nà gbágungbàgun yẹn, mo ń bu erùpẹ̀ sí wọn lọ́wọ́, mo ń bẹ̀ wọ́n. Lójú ewé mi, ohun kan náà ni mo ń kọ: Bàbá kò sọ̀rọ̀ lónìí. Adíwọ̀n ti wá wo ilẹ̀ náà láàárín ọ̀sẹ̀, ó ní ilẹ̀ tó dán kì í ṣe oko, pé òun ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí láti ṣe èyí tó bá yẹ. Mo lọ bẹ Madam Kíákíá fún ọjọ́ náà. Ó ní kò sí àyè, pé ẹni tí kò bá wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kó má wulẹ̀ yọjú lọ́jọ́ Ajé. Ó ní kì í ṣe pé òun burú, pé ẹni tó ń lé òun náà wà lókè.

Lónìí, nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, obìnrin ẹ̀gbẹ́ wa tu alùbọ́sà díẹ̀ fún mi nínú èyí tó hù sí ilẹ̀ tirẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ Bàbá, mo ń rì wọ́n mọ́lẹ̀. N kò retí ohunkóhun mọ́. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn lókè orí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá," ni wọ́n wí.

Inú mi dùn débi pé n kò tètè mọ̀ pé bí ẹni ń kí àlejò ni wọ́n ṣe kí mi. Mo gbójú sókè, wọ́n ń wò mí, ojú wọn sì tutù pẹ̀sẹ̀.

"Mo ní ọmọbìnrin kan," ni wọ́n tún wí. "Iṣẹ́ kì í jẹ́ kó ráyè. Ó ṣèèṣì tu alùbọ́sà mi lọ́jọ́sí, àtìgbà náà ni kò ti wá wò mí mọ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé alùbọ́sà ni, kì í ṣe èèyàn. Kó máa bọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ nípa ìyá rẹ̀."

Mo ní, "Màá sọ fún un, sà."

Ohun tí ẹnu mi rí sọ nìyẹn. Mo fẹ́ pariwo pé èmi nìyí, èmi tí mo wẹ̀ fún yín láàárọ̀, èmi tí mo ń tì yín bọ̀ níbí lójoojúmọ́ ayé. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, tí wọn kò sì gbà, n kò ní lè dìde nílẹ̀ níbẹ̀. Mo bá tẹ alùbọ́sà tó kù mọ́lẹ̀, mo dúró kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Wọn kò sọ nǹkan kan mọ́. Wọn kò ní sọ ọ̀rọ̀ ọmọ fún àlejò. Lẹ́tà yìí ni ojú ewé tòní, n kò lágbára láti kọ òmíràn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí màmá rẹ, kí o sì sọ fún àwọn ọmọ pé n kò gbàgbé wọn. Ohun tí mo fẹ́ yá nìyí: wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ ọkọ̀ àárọ̀, obìnrin ẹ̀gbẹ́ wa yóò ti bá mi ti Bàbá dé oko. Mú ọkọ́ dání, kí Adíwọ̀n lè bá ẹnì kan lórí ilẹ̀ náà. Kí o sì jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé ìwọ ni ọmọ àwọn, má ṣe ṣàlàyé, má ṣe sọ pé ọ̀rẹ́ mi ni ọ́. Sọ pé ìwọ ni, pé o ti ráyè báyìí, kí o sì bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi.

                                        Èmi tí n kò ní ẹlòmíràn tí mo lè bẹ̀,
                                        tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
                                        Pẹ́lẹ́ńgẹ́.