Igi Ta Ló Sanra Jù?

Sátidé, 7 Oṣù Kẹfà, 2008
Ìpàdé àwa ará Raji Rasaki Estate. Ilẹ̀ tó ṣófo lọ́nà Kuje, igi la ó gbìn sí i. Irú èwo? Ìjà dé. Clement — Ọ̀gá Tíìkì ni mo ń pè é — ní tíìkì nìkan, kó tò lọ gbọọrọ, pákó gidi. Akọ̀wé owó orí tó ti fẹ̀yìn tì! Ó fẹ́ kọ́ èmi tí mo lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ igbó. Mo ní ká pa àfàrà, ìdígbò àti àyùnrẹ́ pọ̀. Kòkòrò tó bá jẹ ọ̀kan lè má fọwọ́ kan èkejì. Ẹ̀rí wà lẹ́bàá kánààlì: ọdún kẹwàá rèé tí àwa méjèèjì ti gbin ogún ogún igi síbẹ̀, oníkálukú bó ṣe wù ú: tíìkì tirẹ̀, àdàlù tèmi. Ká wọ̀n wọ́n. Ẹni tí igi rẹ̀ bá sanra jù ló ní pákó jù, òun ló fa kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ mu jù. Tirẹ̀ la ó gbìn.

Túsìdé, 10
A wọ̀n tèmi. Ìbàdí ń dùn mí — mo jókòó, mo ń kọ. Rosaline ìyàwó mi ń fi tépù yí igi. Nọ́ńbà tó dùn ún wò.

Tọ́sìdé, 12
Mo yọjú sí Ọ̀gá Tíìkì níbi tó ti ń wọ̀n tirẹ̀. Ẹ gbà mí o! Òfin ní ká wọ̀n igi níbi àyà: ẹsẹ̀ mẹ́rin àbọ̀ láti ilẹ̀. Àyà tara rẹ̀ ló ń lò! Ọkùnrin tí firíìjì ilé wa ga jù ú lọ. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, igi wo ni kò ní sanra? Mo fi í pamọ́ di ọjọ́ ìpàdé.

Sátidé, 14
Mo tú àṣírí rẹ̀ nípàdé. Mo ní, "Clement, wá àpótí gùn kó o tó wọ̀n igi." Alhaji Owólabí, alága wa, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Clement ní, "Ẹ̀gbọ́n, mistake ni, ẹ jẹ́ kí n tún un wọ̀n." Wọn ò gbà. Tèmi la ó gbìn. Ojú tì í. Ó tọ́ sí i.

Sọ́ńdè, 15
Mo ń sín Clement jẹ nídìí oúnjẹ. Rosaline ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì Ìyìn, èmi náà, àyà mi ni mo lò." Rosaline tí kò ga tó èjìká Clement.

Mọ́ńdè, 16
Mo fúnra mi wọ̀n gbogbo ogójì igi náà, ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àbọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì. Tíìkì rẹ̀ sanra ju tèmi lọ. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, n kò wo ibi tí ìyàwó mi gbé tépù sí. Òpònú ni mí.

Túsìdé, 17
Mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún Clement. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ti wà ní Kuje láti ìdájí. Mo bá a níbẹ̀ nínú òjò, ẹ̀wù rẹ̀ rin gbingbin, ó ń gbẹ́ ihò. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ihò àfàrà yín nìyí. Ẹ má bínú sí mi."
Mo ní ó káre.
Ohun tí mo sọ kò ju ìyẹn lọ.