Ọ̀rọ̀ Irin Tó Dá àti Fọ́ọ̀mù Yunifásítì Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé ọkàn balẹ̀, ṣé àbúrò ìyá rẹ tí o ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ń fún ọ ní oúnjẹ àjẹyó? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ títí, ó ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé eyín tó ń dun òun ti sàn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbúròó ara wa ní burúkú.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn, mi ò sì fẹ́ kí fóònù gbóná kó tó parí. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù yunifásítì rẹ kẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà náà rán awakọ̀ tó ń kó àgbàdo wá sọ́dọ̀ yín kó tètè dé ọwọ́ rẹ.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé o fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ mẹ́tíríà, aṣọ ni mo rò pé o ń wí. Mo bi ìyá rẹ pé ṣé ọdún márùn-ún lèèyàn fi ń kọ́ aṣọ ni? Òun ní tirẹ̀ ti lọ sọ fún télọ̀ tó wà nígun òpópónà wa pé ọmọ òun ń bọ̀ wá gba ipò rẹ̀, télọ̀ kò sì dá wa lóhùn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn ni mo fi pàṣẹ pé ẹnjinía ẹ̀rọ ni kí o kọ, kí o sì kọ ọ́ ní ẹyọ kan péré, nítorí mo gbọ́ pé wọ́n fi àyè méjì sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù náà, mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ fi mọ olójúkòkòrò ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yí padà lọ́jọ́ tí ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ ìlọgbàdo wa dá. Ó fò kọjá létí ìyá rẹ, ó sì lu páànù ara ògiri. Ọjọ́ kẹrin tí mẹkáníìkì tí à ń pè ní Ó-ṣeé-ṣe tú ẹ̀rọ náà, tó fi gírísì sí i, tó sì tò ó padà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ogún ọdún ni, bẹ́ẹ̀ mi ò bi í léèrè ohunkóhun. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà, mo ní òòlù ló fi ba irin mi jẹ́, mo ní ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kó lọ sinmi kó tó pa ìyàwó oníyàwó. Ó kàn ń fi àkísà nu ọwọ́. Láti ọjọ́ náà kò ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ìgbà tí mo pè ọ́ tí mo rojọ́ rẹ̀ fún ọ, o ní kí n ya fọ́tò ojú ibi tó ti dá ránṣẹ́. Ojú nìkan ni etí mi gbọ́. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ gidi, mo jókòó ti irin náà, mo sì rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí o lè mọ̀ pé mi ò fara pa. O rẹ́rìn-ín títí o fi ń wúkọ́, o wá ní ojú irin ni, kì í ṣe ojú tèmi. Lẹ́yìn tí mo ya ti irin ránṣẹ́ tí o rí i, o ní kí n wò ó dáadáa, bóyá mo rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ kọrọdọ bíi ti ìkarahun ìgbín. Mo gbé awò ojú wọ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn wọnú, ibi kékeré kan ló rí ṣákiṣàki. O ní ó máa ń rẹ irin bó ṣe ń rẹ èèyàn. O ní ó ti pẹ́ tó ti ń sán díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń yí, ibi ṣákiṣàki yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù tó di gbogbo rẹ̀ mú kó tó já. O ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin kò lè fa irú ìlà bẹ́ẹ̀, àti pé mẹ́tíríà tí o fẹ́ lọ kọ́ gan-an nìyẹn, ìmọ̀ ohun tó ń mú irin àti irú rẹ̀ dá.

Ọmọ mi, mo fi oúnjẹ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ki irin náà bọ abẹ́ apá, mo lọ sílé Ó-ṣeé-ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, kò kí mi. Mo bá a níbi tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì tó ń wò wọ́n. Mo fi àwọn ìlà náà hàn án, mo sọ gbogbo ohun tí o sọ. Ó fi ìka tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní láràárọ̀ lòun ń na ọwọ́ síwájú ìyàwó òun, kó bá òun wò ó bóyá ó ń gbọ̀n lóòótọ́. Mo kúnlẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́ta ni mo fi jù ú lọ. Ó fà mí dìde, ó ní ó tó.

Ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù padà. Gbogbo irin àtijọ́ tó wà níbẹ̀ ló ń tú wò báyìí, ó sì ti yá awò ojú mi lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí fi ń gun ara wọn lẹ́yìn.

Nítorí náà, mo ti wọ́gi lé àṣẹ mi. Kọ mẹ́tíríà sí àyè kìíní, kí o kọ ohun tó bá wù ọ́ sí ìkejì, kí wọ́n pè wá ní olójúkòkòrò. Ìyá rẹ ń bẹ̀rù pé ta ni yóò gba ẹni tó mọ ìdí tí nǹkan fi ń bàjẹ́ síṣẹ́. Mo ní ohun tó ń bàjẹ́ kò ní tán láyé.

Tí wọ́n bá ti sanwó fún ọ níbi ìtẹ̀wé tí o ti ń ṣiṣẹ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi kún ti irin tuntun. Má fi gba báńkì, torí nígbà tí mo lọ gbowó níbẹ̀ lọ́jọ́sí, nọ́ńbà ni wọ́n fi hàn mí dípò owó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo wá sílé.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí o rí ohun tí èmi fi ọdún gbọọrọ wò tí mi ò rí, yóò máa ṣọ́ ojú náà fún ọ. Wàá kàwé yege. Ibi tí wọ́n bá ti ń dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, kí ẹnu rẹ máa wà níbẹ̀ láti gbà á sílẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.